Ẹsẹ Kẹta Tí Ohùn Oyin Kò Gbọ́

Màmá Lọ́ńdìrì kú lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí àwọn tó yẹ kó gbọ́ mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tó ń sùn: obìnrin tó fi gbogbo agbára rẹ̀ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù yẹn kan náà, níbi tó jókòó sí tó ń retí bẹ́ẹ̀dì. Iwájú wọ́ọ̀dù tuntun ló kú sí. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù náà ni ti gbajúmọ̀ olórin tí gbogbo wa ń pè ní Ohùn Oyin. Orin kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ẹni tí à ń fi orúkọ rẹ̀ sọ wọ́ọ̀dù. Màmá Lọ́ńdìrì ló sì ni orin náà.

Ẹ̀yin náà mọ orin ọ̀hún. Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú tí ẹ kò lè kà mọ́. Ẹsẹ méjì ni, ìlà méjì-méjì:

Mo gbé ọ wá, ọwọ́ mi kún,
Mo ń padà lọ, ọwọ́ mi ṣófo.
Wọ́n á bi mí nílé, kí ni n ó wí?
Ta ni n ó sọ fún pé mo ṣì jẹ́ ìyá?

Kò sí ẹni tí orin yìí kì í mú lọ́kàn. Mo mọ awakọ̀ kan tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí wọ́n fi í sí rédíò, ó ní ekuru ló kó sí òun lójú. Gbogbo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ ló wà ní pípadé.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti fọ̀rọ̀ wá Ohùn Oyin lẹ́nu wò, ohun tó máa ń sọ ni pé ojú àlá lòun ti gba orin náà. Ẹ kú àlá o! Àlá náà wọ bàtà rọ́bà. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ń fọ aṣọ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù tí wọ́n gba Ohùn Oyin sí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Fèrèsé ọkùnrin náà kọjú sí ilé ìfọṣọ gan-an.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Àbúrò mi obìnrin pàdánù ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù yẹn. Bí ọmọ bá kú níbẹ̀, wọ́n á ká aṣọ tí ìyá fi pọ̀n ọ́n wá, wọ́n á jù ú sínú òkìtì aṣọ ìdọ̀tí. Màmá Lọ́ńdìrì kì í jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Á wá aṣọ náà rí, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á ká a dáadáa. Á fún ìyá ọmọ ní àpótí kan kó jókòó tì í. Bó bá ti ń lọ aṣọ náà ni yóò máa kọ ẹsẹ méjì tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá obìnrin ẹlẹ́kún náà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tiwa, àbúrò mi kọ̀ kò dìde lórí àpótí.

"Ìyá, ó yá, dìde," ni màmá wí.

"Ẹ má pè mí ní ìyá mọ́, màmá. Ọmọ dà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Gba aṣọ ẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Ó dì í lápá mú, ó sìn wá dé géètì. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti kọ ẹsẹ kẹta, torí pé ojú ọ̀nà géètì nìkan ló máa ń kọ ọ́ sí:

Gba aṣọ ọmọ rẹ, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́,
Ẹ̀yìn tó pọnmọ rí, kì í gbàgbé.
Ìyá ló wọlé, ìyá ló ń jáde lọ,
Ìyá ni n ó máa pè ọ́.

Fèrèsé Ohùn Oyin kò kọjú sí géètì. Ọkùnrin náà gbé ìbéèrè lọ sílé, ó fi ìdáhùn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin náà fi ń pa wá lẹ́kún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá tí kò sì tù wá nínú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Orin tí wọ́n gé ní ìdajì ti fọ́ wa lójú.

Mo sọ ọ́ lórí rédíò. Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi gé mi lẹ́nu, ó ní ká sinmi díẹ̀, ó fi orin sí i. Ẹ kò ní béèrè orin tó fi sí i lọ́wọ́ mi.

Onígbàjámọ̀ mi náà bá mi jà sí i. "Bàbá, ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ jàre. Bí kì í bá ṣe ohùn ẹ̀, ta ni ì bá gbọ́ orin ìyá aláṣọ? Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ ká gbọ́, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jàre, ohùn mi kò ṣe é gbọ́. Mo gbà pé ohùn Ohùn Oyin dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ jó níta gbangba, ṣé ó wá di ẹni tó bí i?

Ọmọ Màmá Lọ́ńdìrì, obìnrin aránṣọ, ló gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó kú. Orin náà ń ké lórí rédíò nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, màmá mi yìí ló ni orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn." Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Àǹtí, gbogbo ayé ló ni orin yẹn. Ẹ jókòó." Mi ò bínú sí nọ́ọ̀sì, òun nìkan ni wọ́n fi gbogbo wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún. Àwọn tó rówó kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn, tí wọn kò rí bẹ́ẹ̀dì fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ni mò ń bínú sí.

Àwọn wọ̀nyẹn ló sì kọ́kọ́ gba ìjókòó iwájú níbi ìsìnkú! Wọ́n mú Ohùn Oyin wá. Ó kọ ẹsẹ méjèèjì, omijé ń dà. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Bó ṣe fẹ́ jókòó ni obìnrin aránṣọ dìde. "Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Ẹ wá kọ ẹsẹ kẹta."

"Ẹsẹ kẹta wo, àǹtí?"

Obìnrin náà kọjú sí àwọn èèyàn. Ó wá la ẹnu, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ohùn rẹ̀ burú. Ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró rí. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ dìde. Obìnrin mìíràn dìde, òmíràn tún dìde, gbogbo àwọn tó ti gba aṣọ kíká lọ́wọ́ òkú náà rí. Wọn kò sunkún mọ́, wọ́n ń gbè é. Onígbàjámọ̀ mi tó jókòó tì mí ṣí fìlà.

Àríyànjiyàn parí fún mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò parí. A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì. Ẹ̀yin aláṣẹ ọsibítù, ẹ jáde wá sọ ẹni tó pàṣẹ pé kí arúgbó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹ̀mí fi bọ́, kí ẹni náà sì dáhùn fún un lójú gbogbo wa. Ẹ sọ orúkọ Ohùn Oyin kalẹ̀ lára ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ kọ ti màmá tó kú náà síbẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀, kì í ṣe Lọ́ńdìrì. Ẹ̀yin ilé rédíò, bí ẹ kò bá ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má fi orin rẹ̀ sí i mọ́.

Ìwọ Ohùn Oyin, má ṣe lá àlá mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kò jìnnà sí ọ. Lọ jókòó tì í, kó kọ́ ọ ní ẹsẹ kẹta pẹ̀lú ohùn burúkú rẹ̀ yẹn, kí o wá fi ohùn dídùn tìrẹ kọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ìyá kan wà níbì kan lónìí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ìbéèrè tí o fi sí i lẹ́nu ló ń béèrè. Lọ dá a lóhùn.