Wáṣà Kan Nínú Lọ́rì Bàbá Àmì

Kò sí ohun tí ọkùnrin náà ní tí kò ní àmì pupa lára. Bátìrì lọ́rì rẹ̀ ní, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní, jáàkì ní, agboòrùn rẹ̀ pàápàá ní. Ọ̀dà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná ló fi ń ṣe é, ẹ̀kán kan péré lára nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ìgò ọ̀dà náà kì í pẹ́ tán, ìyàwó a sì máa sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé lọ́rì ọkọ òun ń ṣe ọ̀ṣọ́ ju òun lọ. Nítorí èyí ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Bàbá Àmì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń wò, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìfura mọ́ ọn. Ní ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀, ó gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì kan, ó lọ mu tíì. Nígbà tó fi máa dé, bátìrì tuntun rẹ̀ ti di ògbólógbòó. Ó pariwo títí, mẹkáníìkì ní bó ṣe gbé e wá nìyẹn. Ẹ̀rí kò sí. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ní pańṣá kò fura, pańṣá já sí iná. Àjà kò fura, àjà jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì, kò sì kúrò níbi tí wọ́n bá ti ń tú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Á gbé àpótí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ihò eku.

Iṣẹ́ kan ló gbé ilé rẹ̀ ró báyìí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń kó ẹrù láti ọ̀dọ̀ obìnrin apòògùn kan lọ sí ilé ìwòsàn tó jìnnà ní wákàtí mẹ́rin. Aṣọ ibùsùn àti páálí omi abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn lọ́rì. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ṣe pàtàkì jù, àpótí funfun kan ni, tó ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èrò. Oògùn abẹ́rẹ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Yìnyín inú àpótí náà kì í tó wákàtí mẹ́rin bí iwájú ọkọ̀ kò bá tutù, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lórí ìdérí rẹ̀ tó ń ka ooru, tí kì í gbàgbé ohun tó bá kà. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n ooru mẹ́jọ, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Láàárín oṣù kan, ó kọjá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin apòògùn náà kì í pariwo. Ńṣe ló bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Bàbá, ara aláìsàn ni abẹ́rẹ́ yìí ń wọ̀. Bó bá tún kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, awakọ̀ mìíràn ni màá gbé e fún. Ẹ má bínú sí mi."

Éésì lọ́rì ló fa gbogbo rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni lọ́rì náà ti wà lókè eèpẹ̀, éésì rẹ̀ sì dà bí ọmọ tó ń ṣàìsàn ẹ̀tàn. Láàárọ̀, á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́ orí òkè. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí ọkọ̀ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, á kú fin-ín. Bí Bàbá Àmì bá dúró mu tíì níbòji fún bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, á tún jí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló gbé e lọ. Oníéésì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọkùnrin náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tó jẹ́ pé òpó iná lè bá a sọ̀rọ̀ kó sú òpó iná. Ó yẹ gáàsì wò, ó pé. Ó yẹ fíúsì wò, ó dáa. Éésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Lẹ́ẹ̀kẹta rèé tí o sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ pé bó bá ti rí ọ, ara rẹ̀ á yá, bí a bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, àìsàn á dé?"

"Bóyá ó fẹ́ràn mi ni."

Bàbá Àmì kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí pé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ibà dá òun wólẹ̀, Oníéésì yìí ló pààrọ̀ bẹ́líìtì lọ́rì náà. Òun kò sí níbẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni àna òun àti lọ́rì òun fi wà láwọn nìkan. Ó délé, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Àmì pupa wà lára kọ́mpúrẹ́sọ̀ tó ń ti atẹ́gùn éésì kiri, níbi tó fi í sí gan-an.

"Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Àmì náà pupa jù."

"Ó pupa jù kẹ̀? Ṣé dúdú lẹ fi kùn ún ni?"

"Ta ló sọ pé ìwọ nìkan ló ń ra irú ọ̀dà yẹn lọ́jà?"

Ìyàwó wò ó títí. "Ọmọ ìyá mi lẹ̀ ń sọ o. Bẹ́ ẹ bá pè é lólè, tí ò sì jalè, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹnu tẹ́ ẹ máa fi kó o padà." Ó wọlé, ó sì mú ìgò ọ̀dà rẹ̀ dání.

Lọ́jọ́ kejì, Oníéésì ní òun fẹ́ bá a gun ọkọ̀ náà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ń yípo ìgboro nínú oòrùn fún wákàtí kan àbọ̀, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè pọ̀. Lójijì, atẹ́gùn tútù dá. Oníéésì ní kó dúró, kó má pa ẹ́ńjìnì. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó fi iná àyẹ̀wò kan wáyà, iná tàn, ó jẹ́ pé iná mànàmáná ń dé ibẹ̀. Ó wá yọ igi ìgbálẹ̀ kan tó mú dání láti ilé.

"Ṣé o fẹ́ gbá a ni?" Bàbá Àmì bi í.

Oníéésì bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnì. Ó fi orí igi náà ti àwo irin kan tó wà lójú kọ́mpúrẹ́sọ̀, díẹ̀ báyìí. Ó dún kà! Àwo náà lẹ̀ mọ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀, atẹ́gùn tútù sì tún dé.

"Mo ti rí i," ni gbogbo ohun tó sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Àmì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ tòsí. Sípánà nọ́mbà mẹ́wàá ni Oníéésì fi tú bóòtù àárín àwo náà. Ó fi ọwọ́ òsì di àwo náà mú, ó mì ín, ó fà á yọ. Ó ki èékánná sínú ihò rẹ̀, ó yọ nǹkan róbótó kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó sọ ọ́ sápò. Ó dá àwo padà, ó dè é pinpin, ó tan ọkọ̀. Òtútù dé.

"Kí lo yọ?"

"Wáṣà ni."

"Ti ta ni?"

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ta ló wà lẹ́yìn àwo yẹn. Àwo yẹn ti jẹ díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, àlàfo tó wà láàárín òun àti mágínẹ́ẹ̀tì tó ń fà á ti fẹ̀. Bó bá tutù, mágínẹ́ẹ̀tì lágbára láti fà á. Bó bá gbóná, agbára rẹ̀ á dín, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o mọ́. Mo yọ ẹyọ kan kí wọ́n lè súnmọ́ra."

"Èmi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n yọ nǹkan kúrò lára ọkọ̀ kí ara rẹ̀ lè yá."

"Eyín yín tó ń dùn yín lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ṣé wọ́n fi kún un ni?"

"Eyín mi, ọwọ́ mi ni dókítà fi í lé. Kò sọ ọ́ sápò!" Bàbá Àmì dìde. "Ó ṣiṣẹ́ báyìí, mo gbà. Ìgbà wo ni kì í ṣiṣẹ́ níbí? Dá ohun tí o yọ padà síbi tí o ti yọ ọ́."

Ojú Oníéésì yí padà. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. "Ó dáa. Ẹ máa wò mí dáadáa o, kí n má baà tún fi òmíì rọ́pò rẹ̀." Ó tú gbogbo rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ léèwé, ó dá wáṣà náà sípò, ó sì wọlé láì dágbére.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àmì gbé àpótí funfun náà síwájú ọkọ̀, ó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Wákàtí mẹ́ta ni gbogbo nǹkan fi dára. Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí wọ́n ti ń tún afárá ṣe. Ọkọ̀ tò bí eèrà, oòrùn sì mú bí iná alágbẹ̀dẹ. Éésì kú fin-ín. Ó wo ìdérí àpótí: mẹ́fà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì pe àna rẹ̀ lórí fóònù.

"Ó ti kú."

"Ẹ kú àfaradà, ẹ̀gbọ́n."

"Wá bá mi."

"Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jìnnà sí yín. Àpótí yẹn á ti gbóná bí omi ìwẹ̀ kí n tó dé." Oníéésì wá fi kún un pé: "Ẹ̀yin náà lẹ ń wò mí lánàá."

Bàbá Àmì ṣẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi ti àwo náà. Kà! Òtútù dé. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ máa lọ. Kò rìn ju ogún ọ̀pá lọ tí éésì fi tún kú. Ìdérí àpótí ti di méje.

Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó dúró síwájú bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ojú tì í níwájú ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni àna òun pa, kí òun sì tú u, ọkọ̀ lè dákú síbí. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, òun ló fi ẹnu ara òun dá àìsàn padà sára lọ́rì òun. Ó mú sípánà nọ́mbà mẹ́wàá. Ìgbà náà ló wá yé e pé kò sí ìgbésẹ̀ kan tí òun kò mọ̀. Ọwọ́ òsì di àwo mú. Ọ̀tún tú bóòtù. Mì ín, fà á. Ó ti fura wo iṣẹ́ náà débi pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Sípánà wà lọ́wọ́ kan, àwo wà lọ́wọ́ kejì, bóòtù wà láàárín eyín rẹ̀. Ó fi èékánná yọ wáṣà kan, ó sọ ọ́ sápò, ó dá ìyókù padà, ó tan ọkọ̀. Òtútù bo ojú rẹ̀. Ó jókòó ti àpótí náà, ó ń wò ó láì mí. Méje. Méje síbẹ̀. Ó rọra padà bọ́ sáàárín àwọn ọkọ̀ tó tò, oòrùn ń jó o láti òkè, éésì kò sì kú mọ́. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́rin. Méje ló ga dé. Nọ́ọ̀sì tó gbà á fọwọ́ sí ìwé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníéésì ń nu irinṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àpótí ńkọ́?"

"Kò kọjá méje."

"Wáṣà ńkọ́?"

"Ó wà lápò mi."

Oníéésì gbé orí sókè. "Lápò kẹ̀? Ẹ yọ nǹkan lára ọkọ̀, ẹ wá sọ ọ́ sápò?"

"Kò sí ọwọ́ tí màá fi mú un ni!" ni Bàbá Àmì dáhùn kíákíá. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó wolẹ̀. Oníéésì ń wò ó, ó sì fi ara balẹ̀ dúró.

"Àna mi," Bàbá Àmì wí, "má bínú."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fi wáṣà náà lé e lọ́wọ́. "Tọ́jú rẹ̀. Kò wúlò fún mi."

Oníéésì yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀kán pupa kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ láàárọ̀ náà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ tún sàmì sí èyí fún?"

"Kí o má baà pààrọ̀ rẹ̀," ni Bàbá Àmì wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a mú sípánà náà.