Ìkíni Dókítà Ṣítù Nínú Rédíò

Ọjọ́ tí Dókítà Ṣítù rọbí nínú rédíò ni Tamale, ní àríwá Gánà, ò lè gbàgbé. Bàbá tó ní irùngbọ̀n yẹ́úkẹ́! Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Rédíò tí ilé ìwòsàn fi ń bá àwọn abúlé sọ̀rọ̀ ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹni tí wọn ò rí. Yóò wọ yàrá kejì lọ, yóò máa ṣe bí aláìsàn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ó ní ti rédíò, etí ló wà.

Lọ́jọ́ náà, Tájù, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ò fi àkókò ṣòfò. "Ìyá, ìgbà wo ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run yín?"

"O ò kí mi," ni aboyún inú rédíò fèsì. "Ṣé ẹran lo wá rà ni?"

Tájù kí i. Aboyún béèrè ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, ará ilé wọn ní Tishigu, òjò, àti iṣu oko. Kí Tájù tó padà dé orí ìrọbí, Dókítà ti jáde wá sọ fún un pé ọmọ tuntun ń kí i.

Àsmá'ù, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Moshie Zongo ní Tamale, ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó ń kú lọ náà á máa kíni?"

"Inú ìkíni ni wàá ti gbọ́ èémí rẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tí ò bá lè kí ọ, má bi í ní nǹkan kan mọ́. Rán ọkọ̀."

Nígbà tó yá, Dókítà lọ sí abúlé kan. Bí Azara, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ṣe ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ ni rédíò dún ní Tamale, ohùn Dókítà ni: "Àyà ń dùn mí."

"Bàbá tún ti dé," ni Tájù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn ní, wọn kì í sì í fi í ṣeré.

Àsmá'ù gba rédíò. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ará ilé ńkọ́?"

Kò sí ìdáhùn. Ọkùnrin tó rọbí tó sì ń béèrè iṣu oko! Ẹ̀rù ba Àsmá'ù, ó sáré lọ bá awakọ̀.

Wọ́n bá a láàyè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ lórí ibùsùn ni, "Àsmá'ù, o kú iṣẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́?" Ẹkún ni Àsmá'ù fi dá a lóhùn.

Kí ọdún 1999 tó parí, Dókítà lọ, wọ́rọ́wọ́, lójú oorun. Àsmá'ù ti di dókítà nígbà náà. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, ó jókòó ti rédíò. Azara kí i kú ará fẹ́ra kù láti abúlé, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè gbogbo ará ilé, bí olóògbé ṣe kọ́ wọn gan-an. Àsmá'ù fẹ́ kí i padà, ohùn ò jáde.

"Dókítà," ni Azara wí, "a ò ní ọkọ̀ níbí. Ṣé ká rán kẹ̀kẹ́?"

Àsmá'ù rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé, ó sì béèrè ìyá Azara.