Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Wọ́n Dá Mi Padà

Oyún àkọ́bí mi ni. Ọkọ mi ń wa lọ́rì lọ sí Kánò, kì í sábà sí nílé, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé agboolé wọn ní Bẹẹrẹ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí inú run mí, kíá ni mo lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó ní, "Ìrọbí kọ́ nìyí. Máa lọ sílé." Ní ọjọ́ kẹta mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí àwọn aláboyún tó jókòó, ó ní, "Ẹ wá wo ìyàwó tó ń kánjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pinnu lọ́nà ilé pé ó di ìgbà tí ọmọ bá ń bọ̀ gan-an kí n tó padà débẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, bí mo ṣe ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ìrora dé. Ó mú mi láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó tú mi sílẹ̀, ó tún mú mi. Mo fara ti ògiri, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ẹ̀sín ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan ní Àrẹ̀mọ ti kú sílé pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nítorí pé wọ́n pẹ́. Bí ìrora bá ti dé, obìnrin yẹn ni mò ń rí.

Nígbà tí oòrùn mú, ìyá ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti mu ẹ̀kọ, Ìyá. Mo kàn ń..." Ọ̀rọ̀ gé mọ́ mi lẹ́nu.

Wọ́n dúró títí ìrora náà fi tú mi sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó. Wọ́n á tún fi mí ṣẹ̀sín."

"Lọ́jọ́sí, inú ń run ọ́, o sì ń sọ̀rọ̀. Tòní ò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Dìde. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ṣì ń bẹ láàyè."

A ò tíì rí tákísí tí omi fi dà lára mi. Kò mọ́ gaara. Àwọ̀ ewé tútù ló ní. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rù lójú ìyá ọkọ mi. Wọ́n bọ́ sáàárín títì, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, tákísí tó ń bọ̀ láti Màpó sì dúró. Dẹrẹ́bà ń kùn nítorí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sí i, wọ́n ní kó máa lọ.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló gbà wá. Ó wo ìró mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ọmọ ti yàgbẹ́ sínú omi, ó sáré pe dókítà.

Ọmọbìnrin ni mo bí. Kò ké. Dókítà àti nọ́ọ̀sì gbé e sórí tábìlì kan, ẹ̀yìn wọn nìkan ni mò ń wò. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, bíi ti ọmọ ológbò.

Ọmọ yè, ara mi sì le. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bó bá ti sùn, mo máa ń gbé etí sí imú rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń mí.