Ìnagijẹ Murdena Atukọ̀

Ní Rodel Cove, àwọn MacAskill àti àwọn Morrison pọ̀ ju ẹja inú omi wa lọ. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó pe John MacAskill, gbogbo àga ló máa ṣófo. Àlùfáà nìkan ni yóò kù, òun náà á sì máa wẹ̀yìn bóyá òun ni wọ́n ń pè. Ìnagijẹ ló gbà wá. Láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá wa ti fi erékùṣù Harris ní Scotland sílẹ̀ wá sí Cape Breton yìí ní Canada ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní tirẹ̀, tó ń ti ara baba bọ́ sára ọmọ bí imú. Àwọn kan wà tí à ń pè ní Bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ìjọ Presbyterian ni gbogbo wa, a ò ní bíṣọ́ọ̀bù rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè bó ṣe jẹ́. Àwọn kan wà tí à ń pè ní Ọ̀lẹ. Àwọn yìí kì í sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti wà lójú omi tí wọ́n ń fa pàkúté edé ńlá sókè, tí wọ́n bá sì dé wọn a tún lọ la igi. Síbẹ̀ Ọ̀lẹ ni wọ́n, Ọ̀lẹ la sì máa kọ sí ibojì wọn.

Ọmọ ilé Atukọ̀ ni Murdena MacAskill.

Ìtàn tó ń sọ ni pé Tormod, ẹni tó bí bàbá bàbá bàbá òun, ló tu ọkọ̀ tó kó gbogbo wa wá. Ó ní ọwọ́ kan ló fi di ìtọ́kọ̀ mú, ó fi ìkejì gbá ìjì létí, tí ìjì fi tọrọ gáfárà. Ọdọọdún ni ìjì náà ń le sí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìgbì òkun náà ga tó ilé. Nígbà tí mo fi máa parí ilé ẹ̀kọ́, ó ti ga débi pé àwọn áńgẹ́lì ń gbé aṣọ wọn sókè kó má baà tutù.

Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló fi jẹun láyé rẹ̀. Gbogbo wa tí a ti hu irùngbọ̀n báyìí, òun ló gbé wa lọ, òun ló gbé wa bọ̀. Ó ní fìlà aláwọ̀ omi aró kan, bó bá ti dé e, bọ́ọ̀sì ti di ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Kó tó gbéra á ní ká ká ìdákọ̀ró. Bí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà, tí àwọn awakọ̀ yòókù jókòó sílé tí wọ́n ń mu tíì, Murdena á já síta, á máa pàṣẹ fún yìnyín pé kó yà. Ó máa ń yà.

Ohun kan wà tí a rí lójoojúmọ́ tí a ò rò. Ọkọ̀ fẹ́rì kékeré kan wà ní ẹnu omi wa tó ń gbé mọ́tò sọdá. Kí o tó họ imú tán, o ti dé òdìkejì. Murdena kì í wọ̀ ọ́. Á gba ẹ̀yìn òkè yí gbogbo omi náà ká, ìrìn tó o lè fi gbọ́ ìwàásù méjì. Bí a bá bi í, á ní òun ọmọ Atukọ̀ kò lè jókòó kalẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn máa tu òun. A gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ, kò sì sí èyí tó pẹja rí nínú wọn, ní abúlé tí ológbò pàápàá ń pẹja. Ìyẹn náà, a ò rò ó.

Ibi tí ìnagijẹ yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni ìpàdé ọmọ Harris tí à ń ṣe ní gbọ̀ngàn ìjọ lóṣù kẹjọ. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Toronto àti Boston á wálé láti wá ìdí ara wọn. Wọ́n á ti tu itọ́ sínú ìgò ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìran ènìyàn wò, èsì á ti jáde pé Scotland inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ìdajì, wọ́n á sì ti ra síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin Scotland ń wọ̀ láti fi dí ìdajì yòókù. Murdena ló ń di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ẹni tó bá wá síwájú, á bi í pé ọmọ ta ni, á wá ka ìran rẹ̀ fún un láti orí bàbá títí dé orí ẹni tó wọkọ̀. Mo ti rí i tí ọkùnrin oníṣòwò ńlá kan láti Boston ń sunkún nítorí pé Murdena mọ orúkọ ajá bàbá ńlá rẹ̀. Ọmọ ẹni tó tukọ̀ ló ni ipò yẹn, a ò sì jiyàn.

Kenny Angus Bíṣọ́ọ̀bù ló jiyàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fojú sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà. Nínú oṣù kẹta, ní ìdí tíì lẹ́yìn ìsìn, ó la ẹnu ó ní ta ló rí Tormod níbi tó ti ń tukọ̀, pé gbogbo ẹ̀rí tí a ní kò ju ẹnu Murdena lọ, ẹnu náà sì gbòòrò.

Murdena gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kó tó di oṣù kẹjọ, òun á mú ẹlẹ́rìí wá láti Harris gan-an, ẹni tí àwọn bàbá rẹ̀ dúró létí omi níjọ́ tí ọkọ̀ náà ṣí. Bí ẹlẹ́rìí náà bá ní Tormod kì í ṣe atukọ̀, kí Kenny Angus gba ẹ̀rọ náà, kó sì dì í mú títí tí Jésù á fi dé.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe Harris lórí fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ló yàn, nítorí ó gbà pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń wà nílé. Ó pe gbogbo MacAskill tó wà ní erékùṣù náà, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ní ìgbéraga ni. Oṣù kan kọjá kí àlùfáà tó rán an létí pé ní Harris, bí ilé bá ń jó lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á kọ́kọ́ rò ó dáadáa kí wọ́n tó pa iná, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti fóònù. Ó pe lọ́jọ́ Ajé, ahunṣọ arúgbó kan tó ń jẹ́ Calum Iain sì gbé e.

Bàbá náà kò kí i púpọ̀. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Murdena fà á jáde: Murdena ọmọ Dan Rory, ọmọ Rory Mòr, ọmọ Ailean, ọmọ Tormod Atukọ̀.

Ohùn kan wá láti òdìkejì bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ bá fọ́. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Murdena gbà pé bàbá náà ń sunkún. Calum Iain nu ohun tó ń nù, ó ní òun mọ ilé yẹn, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri tiwọn ni ògiri rẹ̀ wà di òní, pé ọ̀rọ̀ Tormod kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, òun á wá fúnra òun. Títí oṣù kẹjọ fi dé, gbogbo ènìyàn ní Rodel Cove ló gbọ́ nípa omijé yẹn.

Ó dé. Murdena dé fìlà, ó lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí wọ́n dé oríta fẹ́rì, ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ṣófo, ó ń dúró. Murdena yà sọ́wọ́ òsì, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn òkè. Bàbá wo omi, ó wo Murdena, ó bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọdá. Ó fún un ní èsì tó máa ń fún wa. Ohùn ẹ̀rọ tó fọ́ yẹn tún bẹ̀rẹ̀, Murdena sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀rín ni, kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi dé ilé.

Ní ìdí tábìlì, lórí ọbẹ̀ ẹja àti búrẹ́dì, Calum Iain sọ fún un. Tormod kò tu ọkọ̀ kankan láyé rẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á débi pé kì í gba etí kànga kọjá. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ lọ pẹja, òun á dúró sórí àpáta létí òkun, á máa pariwo pé kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, kí wọ́n fà á, kí wọ́n rọra. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Atukọ̀. Ní Harris, ìdàkejì ènìyàn ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń pè ní Egungun.

Murdena ò jẹun mọ́. Ó bi bàbá náà pé ta ló tún mọ̀.

"Èmi àti ẹni tó kú ni," Calum Iain ní. "Ọmọ mi, bí o bá fẹ́, mo lè dúró níwájú wọn lọ́la kí n máa wúkọ́ títí ìpàdé á fi tú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́."

Murdena bi í pé báwo ni ẹni tí kì í gba etí kànga ṣe wá dé Cape Breton. Bàbá ní onílẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀ náà sin àgùntàn, kò sì sí ibi tí wọ́n lè dúró sí mọ́. Ìyàwó Tormod fi ìborùn rẹ̀ dì í lójú, ó sì fà á lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Ohun tí àwọn tó kù ní èbúté gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn Tormod lábẹ́ ìborùn, tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n yà sọ́tùn-ún.

Murdena gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ó fa abọ́ rẹ̀ sún mọ́ra, ó jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó sì bu òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan ń fi imú àwọn ẹlòmíràn mí. Kenny Angus jókòó síwájú, ó ti wọ táì. Murdena gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sì jẹ́ kí bàbá náà dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, àpáta, ìborùn àti gbogbo rẹ̀, kò yọ nǹkan kan. Ẹ̀rín tó bú jáde yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Harris. Ó dúró kó lọ sílẹ̀.

"Àwọn bàbá tiyín fẹ́ràn omi," ó ní. "Wọ́n wọ ọkọ̀ yẹn bí ẹni ń lọ gba atẹ́gùn. Kí ni iṣẹ́ inú ìyẹn? Tèmi bẹ̀rù rẹ̀ dé mùdùnmúdùn, ó sì wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹyọ ọmọ akin kan ló wà, òun ló sì ń bá yín sọ̀rọ̀."

Kenny Angus ti dìde, ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dìde lẹ́yìn. Danny Ọ̀lẹ ni, ọkùnrin gìrìwò tí ọwọ́ rẹ̀ rí bí ṣọ́bìrì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó bi Calum Iain jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ìdàkejì ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, kí wá ni tàwa Ọ̀lẹ?"

Calum Iain ní ilé yẹn kì í sùn. Pé ariwo iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí àdúgbò rójú, pé Ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń bú wọn kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Danny jókòó. Ìyàwó rẹ̀ fi ìwé ìnujú nù ún lójú, àwọn Ọ̀lẹ yòókù sì ń wo ara wọn bí ẹni tí ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pè.

Ìgbà náà ni ojú gbogbo wa yí sí Kenny Angus lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní oúnjẹ ń tutù, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

"Bíṣọ́ọ̀bù," Calum Iain ní, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọmọdé wà níbí, mi ò lè sọ ọ́ tán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí bàbá yẹn bá fi òòlù lu ìka ara rẹ̀, àlùfáà máa ń ti fèrèsé kó má baà gbọ́ ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn ará Boston fi síkẹ́ẹ̀tì nu omijé. Ojú Kenny Angus pọ́n bí edé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó nàka sí Murdena, ó ní, "Bàbá tìẹ wọ ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yìn òkè lo máa ń gbà."

Kò sẹ́ni tí kò rí ọ̀nà ẹ̀yìn òkè yẹn lójú ara rẹ̀. Murdena tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

"Ọjọ́ Ajé ni bàbá yìí ń lọ sílé," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ wòran, kó wá sí etí omi."

Gbogbo abúlé ló wá. Àlùfáà gbé àga tirẹ̀ wá. Murdena wa mọ́tò rẹ̀ dé ẹnu fẹ́rì, ó dúró, ojú rẹ̀ funfun bí yìnyín tó máa ń pàṣẹ fún. Ó wa mọ́tò wọlé. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ fẹ́rì fi ẹ̀wọ̀n dí ẹ̀yìn rẹ̀, Calum Iain sì bọ́ ìborùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun kúrò lọ́rùn, ó dì í mọ́ Murdena lójú, ó so ó lẹ́yìn fìlà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Fẹ́rì gbéra. A dúró ní èbúté, a ò rẹ́rìn-ín. Lórí omi náà ni a ti gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ìborùn, ó kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó le, ó ń sọ fún atukọ̀ fẹ́rì pé kó yà sọ́tùn-ún, kó rọra, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Kenny Angus ti ń yẹ agogo ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán tí wọ́n fi dé òdìkejì.

"Ó yà sọ́tùn-ún lóòótọ́," Danny Ọ̀lẹ ní.