Ọjọ́ Tí Aṣòfin Kọ Ebè fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwa ọmọ abúlé wa lẹ́bàá Glei ń sáré tẹ̀lé gbogbo mọ́tò tó bá yà kúrò lójú títì, mọ́tò kan wà tí a kì í sáré tẹ̀lé. Ti aṣòfin ni. Dépité là ń pè é. Ọmọ abúlé wa ni, tíṣà ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dìbò yàn án lọ sí Lomé, kò sì sí ohun tuntun kan tó dára lójú rẹ̀. Bó bá gbọ́ pé a ń jó ijó òyìnbó, yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wá lé wa. Ní Lomé náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: ká má jẹ́ kí àṣà bàjẹ́. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ jù ni pé ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀, kó kọ ebè iṣu fún un, kó tó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ lọ́jà Moretan, gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́.

Àṣé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lomé ti ń wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin! Nígbà tí wọ́n wá tọrọ rẹ̀, bàbá mi, tó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Dépité, ẹ káàbọ̀ o. Oko mi ti ń retí yín."

Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ̀ pé àfẹ́sọ́nà òun kò di ọkọ́ mú rí, bàbá wa kò sì ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ebè kò bá pé, kò sí ìyàwó nìyẹn. Ó ń sunkún nídìí ààrò, èmi náà ń bá a sunkún.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, gbogbo abúlé wá wòran. Háà! Ẹ ò bá wá wo ebè! Bí ọkọ ìyàwó ṣe ń kọ ọ́ ló ń wó lẹ́yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Àwọn tó tẹ̀lé dépité wá sọ fún un pé àwọn lè kó alágbàṣe wá láti Notsé. Dépité dìde lórí àga.

"Ṣé àwọn alágbàṣe ló fẹ́ gbé ìyàwó ni?"

Ló bá bọ́ agbádá, ó bọ́ bàtà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó sì wọ poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ariwo sọ! Àgbàlagbà náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, ó ń bú ọmọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi fúnra rẹ̀ kò lè jókòó mọ́, ó gbé ọkọ́ tirẹ̀ bọ́ sóko. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ebè ti kún oko, ẹ̀gbọ́n mi sì jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ ò lè mọ̀!

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó báyìí. Àwọn aṣòfin ń sọ̀rọ̀ àṣà lórí rédíò lójoojúmọ́, n kò tíì rí èyí tó wọ oko àna. Èmi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ dépité wa o. Kò fẹ́ rí obìnrin tó wọ ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ni mo ń wọ̀ lọ sóko títí dòní. Ṣùgbọ́n ká ní ó lè jí dìde nínú ibojì rẹ̀ lónìí, kó ní òun tún ń wá ìbò, ṣòkòtò yẹn náà ni n óò wọ̀ lọ dìbò fún un.