Agbọ̀n Ọjà Ọkọ Mi

Mo rántí àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí nílé ọkọ ní Sabon Gari, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo wá agbọ̀n ọjà títí, n kò rí i. Ọkọ mi ti gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tó dé, ó kó ata, àlùbọ́sà, lúrú àti eegun ẹran síwájú mi, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹnu yà mí. Ọ̀fà ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá, ìyá mi sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, títí kan bí èèyàn ṣe ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ kí ọlọ́jà lè pè é padà. Mo ti rò pé ẹnu mi ni n óò fi kó gbogbo ọjà Kánò wálé. N kò mọ̀ pé ọkọ tí wọ́n bí sí Kánò ti di Haúsá tán.

"Haba! Cefane, ọkọ ló ń ṣe é níbí," ló wí. Ọjà ọbẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ṣáà sebẹ̀."

Ó dùn mí gan-an. Mo rò pé kò fọkàn tán mi ni, mo sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbọ́ ní Ọ̀fà, wọn yóò ní mo ya ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kan, bí oníbàárà ṣe dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé agbọ̀n, mo yọ́ jáde.

Nídìí ẹran, alápatà ọkọ mi dá agbọ̀n náà mọ̀, nítorí aṣọ búlúù tí ọkọ mi so mọ́ etí rẹ̀. Ó pè mí ní amarya, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó tuntun. "Amarya, ina mai gida?" Ó ń béèrè baálé ilé mi. Ojú tì mí láti sọ pé ńṣe ni mo yọ́ wá, mo bá dorí kodò. Alápatà mi orí, ó káàánú mi, ó fi ẹran ṣe èènì fún mi. Mo gbà pé ọjà ni mo mọ̀ ọ́n ná.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, alápatà yìí àti ọkùnrin mẹ́fà láti ọjà dé, wọ́n wá kí aláìsàn. Àdúà ni wọ́n ń ṣe bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bá aláìsàn níbi tó ti ń lá àwo ọbẹ̀. Mo sá wọ ilé ìdáná. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bí wọ́n bá ti rí ìyàwó ilé nídìí ẹran, ọkọ ti dùbúlẹ̀ nìyẹn," ó wí. "O mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sin mí!"

Láti ọjọ́ náà, mo fi agbọ̀n sílẹ̀ fún un. Àmọ́ nígbà tí mo lọ kí ìyá mi, mo sọ fún un pé èmi ni mò ń ná gbogbo ọjà ilé wa.

Nígbà tí mo tún gbé agbọ̀n yẹn dé ìsọ̀ ẹran, irun mi ti funfun, aṣọ búlúù náà ti ṣá. Alápatà ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń gé ẹran. "Amarya, ina mai gida?" Mo dorí kodò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá kí mọ́. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé irú eegun tí ọkọ mi máa ń mú wálé, ó sì gbé e sínú agbọ̀n.

Èmi ni mò ń lọ sọ́jà báyìí, mo sì mọ̀ ọ́n ná dáadáa. Síbẹ̀, ohun tó wù mí ni kí n jí láàárọ̀ ọ̀la, kí n wá agbọ̀n náà títí, kí n má rí i.