Òkun Tí Mo Pè Ní Ìyá

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní tó jẹ́ ti màmá mi, ẹ̀yìn ló sì kọ sí mi nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ n rọra sọ bó ṣe jẹ́.

Àbíjàn ni mo ti ṣiṣẹ́ fọ́tò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ṣe máa ń wá oúnjẹ òòjọ́ lọ síbẹ̀. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, tí òkun ń bínú, etíkun lẹ ó ti bá mi, èmi àti kámẹ́rà onífíìmù, dúdú àti funfun nìkan. Àwọ̀ máa ń bá òkun purọ́, á sọ ọ́ di arẹwà. Nínú dúdú àti funfun, eyín rẹ̀ máa ń hàn. Lọ́jọ́ kan tí omi ń wọlé onílé, obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó yẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀rọ mi. Ìgbì tó gba ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ ni fọ́tò tó dára jù tí mo yà láyé mi.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, màmá mi ń retí mi nílé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya òun. Bí wọ́n bá nà án sí i, á fi ìborùn bojú. "Ọmọ mi ni yóò yà mí, èyí tí wọ́n máa gbé síwájú pósí mi." Ó pè mí títí. Dípò kí n wá, mo fi ìgbì yẹn rán awakọ̀ kan sí i, nínú férémù ńlá. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sẹ́yìn rẹ̀: La mer. Òkun nìyẹn, lédè Faransé.

Màmá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti ta aṣọ ní Àbíjàn rí, etí rẹ̀ gbọ́ Faransé ọjà. Ó ní kí télọ̀ àdúgbò, tóun náà ti gbé Àbíjàn rí, bá òun kà á. Télọ̀ kà á sókè. Bí wọ́n sì ṣe ń pe òkun lédè yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá. Ojú ló mọ ìyàtọ̀ wọn, etí ò mọ̀ ọ́n.

"Ó ní ìyá," ni màmá mi wí.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níjókòó. Ọ̀kan wo ìgbì náà dáadáa. "Ó mà jọ yín o. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀ nìyí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá mi ò bá wọn rín. Ó dojú férémù náà kọ ògiri.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo wálé, mo dọ̀bálẹ̀. "Màámi, òkun ni mo kọ, kì í ṣe ìyá."

"Mo ti gbọ́. Mo ní kí o wá yà mí, òkun lo fi ránṣẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sógiri. "Ó yá, yà mí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sí mi."

"Ẹ̀yìn lo kọ̀wé sí. Ẹ̀yìn náà ni kí o yà."

Mo yà á. Ǹ bá dúró títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n àsìkò ìjì ti ń wọlé lọ́hùn-ún, mo padà. Ìjì ò tíì tán tó fi kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba fọ́tò ẹ̀yìn náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó dá a padà. Ó lọ gbé òkun wá, ó gbé e síwájú pósí, ó kọjú rẹ̀ sí èrò.

"Ohun tó o pè é nìyẹn."

Àwọn èrò ń tò kọjá, wọ́n ń wo omi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.